Ẹnì Kan Kì Í Jẹ́ Àwá-Dé: Ọdẹ Adánìkanrìn Nínú Ìtàn Ìtẹ̀dó Wa

Bí olùkọ́ ìtàn bá dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Mowé, ní Ìbafò tàbí ní Ìfọ̀, tí ó sì bi wọ́n pé, "Ta ni ó tẹ ìlú baba yín dó?", ìdáhùn tí yóò gbọ́ kò ní yà á lẹ́nu. Ọ̀kan yóò ní ọdẹ kan ni. Èkejì náà yóò ní ọdẹ kan ni. Ẹni tí kò bá pè é ní ọdẹ yóò pè é ní jagunjagun, tàbí ọmọ ọba tí ó fi ìbínú kúrò nílé baba rẹ̀. Orúkọ lè yàtọ̀, odò tàbí igi tí ó kọ́kọ́ dúró sí nídìí lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, òun nìkan ni ó sì wá. Bí olùkọ́ kan náà bá wá ní kí wọ́n parí òwe kan fún òun, tí ó bẹ̀rẹ̀ pé, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," gbogbo kíláàsì ni yóò gbè é pé, "ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí." Bóyá ni a ó fi rí ẹni tí yóò ṣàkíyèsí pé ìdáhùn kejì ti ta ko ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Báwo ni àwọn ènìyàn tí òwe wọn, àṣà iṣẹ́ wọn àti ètò ìlú wọn dúró lórí àjọṣe ṣe wá fi ọkùnrin adánìkanrìn ṣe baba ìlú àti baba orílẹ̀-èdè? Èrò tèmi ni pé ìtàn ọdẹ náà sún mọ́ ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ ju bí ó ti sún mọ́ ìrántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan tí ó le ni wọ́n ń fi í dáhùn, èyí nì: ta ni ó ni ibí? Nítorí náà, ẹni tí yóò kọ ìtàn ìlú gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń wádìí àwọn tí ìtàn náà fi sílẹ̀ lẹ́yìn.

Bí Ìtàn Náà Ti Rí

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò jìnnà sí Ìbafò. Létí odò Ògùn ni Ìṣẹri wà, ìlú tí àwọn Àwórì kà sí orísun wọn. Ìtàn wọn sọ pé Ògúnfúnmìníre, tí a tún ń pè ní Ọlọ́fin, kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó gbé àwo kan lé orí omi, ó sì ń tẹ̀ lé e. Ibi tí àwo náà bá rì sí ni yóò fi ṣe ilé. Ìṣẹri ni àwo rì sí. Láti inú gbólóhùn náà pé "àwo ti rì" ni wọ́n sì ti fa orúkọ Àwórì yọ. Orúkọ baba náà ń sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún wa: Ògún fún mi ní ire. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọdẹ ni. Bí a bá sọ ìtàn yìí ní ṣókí, ọkùnrin kan àti àwo kan ni a ó rí. Bí a bá sọ ọ́ ní kíkún, ọ̀wọ́ ènìyàn tí ó bá a rìn yóò yọjú, nítorí pé ẹyọ ọkùnrin kan kò lè bí àwọn ọmọ tí ìtàn ní wọ́n pín ilẹ̀ Èkó láàárín ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Abẹ́òkúta, ìlú tí ó jẹ́ orí fún gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí Mowé, Ìbafò àti Ìfọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ ìlú wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, ìtàn sọ pé àwọn ọdẹ ti ń sùn nínú ihò àpáta náà, àti pé ọkùnrin ará Ìtokò kan tí ń jẹ́ Àdàgbà ti dá oko síbẹ̀. Ìdí nìyí tí Abẹ́òkúta fi ní orúkọ mìíràn, èyí tí í ṣe Oko Àdàgbà. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí a bá ń sọ ọ́ lẹ́nu, "ọdẹ kan" ni a ń wí, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tí a kọ sílẹ̀ sì dárúkọ ọdẹ tí ó ju ẹyọ kan lọ. Àgbẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Bí a bá kúrò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ náà tún hàn gbangba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògúnlọlá, ògbójú ọdẹ, ni a mọ̀ sí ẹni tí ó tẹ ìlú náà dó lábẹ́ igi àjàgbọn. Ṣùgbọ́n ìtàn ìlú náà kò jẹ́ kí ó dá wà. Lórúngbẹ̀kún ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ni ó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí àwọn ọdẹ ń wá mu. Àwọn ọdẹ mìíràn wà ní ìtòsí tí wọ́n ti kọ́ ahéré tiwọn, wọ́n sì jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí a bá wò ó dáradára, níbi ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Lórúngbẹ̀kún ni àwọn ọdẹ tí ó wà káàkiri inú igbó ti di ará ìlú kan. Síbẹ̀, bí a bá bi ènìyàn léèrè pé ta ni ó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, orúkọ kan ṣoṣo ni yóò dá.

Iṣẹ́ Ọdẹ Fúnra Rẹ̀

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọdẹ yóò mọ̀ pé òótọ́ ni ọdẹ lè dá wọ igbó lóru. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọ̀ ọ́, àwọn ènìyàn ti ṣiṣẹ́ fún un. Alágbẹ̀dẹ ni ó rọ ọfà àti irin ìbọn rẹ̀. Oníṣègùn ni ó fún un ní ohun tí ó fi dira. Ìyàwó rẹ̀ ni ó di oúnjẹ fún un. Nígbà tí ó bá sì pa ẹran ńlá, òun nìkan kò lè rù ú. Àwọn ọkùnrin ni yóò tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ gbé e, àwọn obìnrin ni yóò yan án, tí wọn yóò sì gbé e lọ sí ọjà. Bí a bá ní ẹran ìgbẹ́ ni ọdẹ fi ń ṣe owó, ọwọ́ obìnrin ni owó náà ti ń jáde.

Ẹgbẹ́ tún ni ọdẹ fi ń gbé ayé. Ó ní Olúọ́dẹ tí ó jẹ́ olórí fún un. Bí ó bá ń sun ìjálá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ń gbè é, àwọn náà ni yóò sì tún un ṣe bí ó bá ṣì í. Ọjọ́ tí ó bá kú, wọn kì í fi í sílẹ̀ fún ẹbí rẹ̀ nìkan. Àwọn ọdẹ á péjọ, wọn á sun ìrèmọ̀jé fún un, wọn á ṣe ètùtù tí wọn ó fi yà á kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọkùnrin tí ó nílò ẹgbẹ́ kí ó tó lè kú dáadáa kì í ṣe adánìkanrìn.

Kódà àwọn baba wa bẹ̀rù ẹni tí ó bá dá wà ju bí ó ti yẹ lọ. Ògún ni òrìṣà ọdẹ. Ìtàn sọ pé òun ni ó fi àdá irin la ọ̀nà fún àwọn òrìṣà yòókù nígbà tí igbó dí mọ́ wọn. Iṣẹ́ tí ó fi gba ìyìn nìyẹn: ó la ọ̀nà fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà sọ bí ó ti dé Ìrè, tí ó bá àwọn ènìyàn níbi ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, tí ó rò pé wọ́n kọ̀ láti kí òun, tí ó sì fi idà pa àwọn ènìyàn ara rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wọlẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ṣòro: akíkanjú tí kò gbọ́ ohùn àwùjọ mọ́ ti di ewu fún àwùjọ náà.

Lísàbí àti Àáró

Láti orí ìlú, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí orílẹ̀-èdè. Bí Ẹ̀gbá bá fẹ́ júwe ara rẹ̀, yóò ní ọmọ Lísàbí ni òun. Ará Aké ń jẹ́ ọmọ Lísàbí, ará Òkè-Ọnà àti ará Gbágùúrá ń jẹ́ ọmọ Lísàbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Lísàbí ni ó bí wọn. Ẹni tí ó wà ní oko lẹ́bàá Mowé àti ẹni tí ó wà nídìí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ní Ìfọ̀ ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú. Ọdọọdún ni a ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí a sì ń bọ̀wọ̀ fún igbó tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Òun ni ẹnì kan ṣoṣo tí ó dúró fún gbogbo Ẹ̀gbá.

Kí ni Lísàbí ṣe? Ní ìgbà tirẹ̀, Ọ̀yọ́ ni ó ń ṣàkóso ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìlàrí Aláàfin wà káàkiri ìlú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ni àwọn ènìyàn lára. Lísàbí kò gbé idà lọ bá wọn ní òun nìkan. Àgbẹ̀ ni, oko ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ àáró sílẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àáró àti ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ pe àwọn ènìyàn sí iṣẹ́ kan, ó fún wọn ní oúnjẹ, ó sì parí. Ti àáró jẹ́ ti ìpààrọ̀: lónìí a ó ṣe oko tèmi, lọ́la a ó ṣe oko tìrẹ, ọ̀túnla a ó ṣe ti ẹni kẹta, títí yóò fi kárí. Gbèsè ni, ọlá ni, ó sì ń kọ́ ènìyàn láti gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn.

Ìtàn sọ pé nígbà tí ó kan Lísàbí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè iṣẹ́ tí wọn yóò bá a ṣe, ó ní oko tòun kọ́ ni òun fẹ́ kí wọ́n ro. Òmìnira ni kí wọ́n bá òun wá. Ní ọjọ́ kan náà, ìlú kọ̀ọ̀kan dìde sí àwọn ìlàrí tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtàn ní àwọn tí ó kú lé ní 600. Àárín ọdún 1775 sí 1780 ni àwọn òpìtàn fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sí. Ìgbà tí ogun Ọ̀yọ́ dé láti gbẹ̀san, àwọn kan náà tí wọ́n ti kọ́ láti jọ roko ni wọ́n jọ jà. A tún ka ẹgbẹ́ Olórógun, tí ó di ọwọ́ agbára àwọn Ẹ̀gbá lẹ́yìn náà, sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ ò rí i báyìí pé ohun tí ó mú kí Lísàbí yàtọ̀ ni pé kò dá nǹkan ṣe. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó rí agbára ogun nínú ètò oko tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Bí ìlú kan bá kùnà ní ọjọ́ náà, tí ó fi ìlàrí tirẹ̀ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ì bá bàjẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí a ṣe ìrántí, orúkọ ẹnì kan ni a gbé dúró. Orúkọ àwọn tí wọ́n jọ dìde kò sí. Orílẹ̀-èdè kan fi ẹnì kan ṣe àmì ara rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ tí ó sọ ẹni náà di àmì ni iṣẹ́ àwọn tí kò lórúkọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún gbogbo ọmọ Yorùbá. Ní ọdún 1945 ni a dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948. Àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ ń wá ohun tí yóò so Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ọ̀yọ́ àti àwọn yòókù pọ̀, àwọn tí wọ́n ti bá ara wọn jagun fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Baba kan ṣoṣo ni wọ́n fi so wọ́n. Ó ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n àwọn ìtàn Ifẹ̀ fúnra wọn sọ nípa àwọn ènìyàn tí Odùduwà bá nílẹ̀, àti ìjà tí ó wà láàárín òun àti Ọbàtálá. Baba kan ṣoṣo náà kò dé ilẹ̀ òfìfo.

Kí Ló Dé Tí Ó Fi Jẹ́ Ẹnì Kan?

Ìdí mẹ́ta ni mo rí. Àkọ́kọ́ ni ti ìrántí. Ìtàn tí a kò kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́ kí a tó lè gbé e láti ìran dé ìran. Orúkọ kan pẹ̀lú oríkì rẹ̀ kì í wúwo lórí ahọ́n. Orúkọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò ṣeé gbé.

Èkejì ni ti oyè. Ìdílé tí ó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé baba ńlá tòun ni ó kọ́kọ́ dé. Bí ìtàn bá gbà pé mẹ́rin ni wọ́n dé lẹ́ẹ̀kan náà, ìdílé mẹ́rin ni yóò béèrè adé. Nítorí náà, bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìdílé tí ó borí á sọ àwọn yòókù di ẹni tí ó "wá bá wa."

Ẹ̀kẹta, tí ó lágbára jù lọ ní àsìkò tiwa, ni ti ilé-ẹjọ́. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà la ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú wọn. Nínú ẹjọ́ Piaro àti Tenalo, ní ọdún kan náà, ilé-ẹjọ́ náà fi yé wa pé ẹni tí ó bá gbára lé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó tẹ ilẹ̀ náà dó, bí ó ti tẹ̀ ẹ́ dó, àti orúkọ àwọn tí ó jogún rẹ̀ títí ó fi dé ọwọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ bí ìbéèrè náà ti rí: ta ni? Ìbéèrè tí ó ń wá orúkọ ni. Agbẹjọ́rò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ sọ pé ogun ni ó kó àwọn ènìyàn púpọ̀ wá, tí wọ́n ń dé díẹ̀díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rántí ẹni tí ó ṣáájú. Yóò béèrè orúkọ ọdẹ. Báyìí ni ọdẹ adánìkanrìn ṣe kúrò nídìí iná ìtàn àlẹ́, tí ó wọ inú ìwé ìpẹ̀jọ́.

Àwọn adájọ́ náà kò ṣàìmọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Kojo Kejì àti Bonsie tí ó ti Gold Coast wá, ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé bí ìtàn méjì bá ta ko ara wọn, kí a má ṣe wo bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ṣe ń fi ìdánilójú sọ ọ́. Kí a fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àìpẹ́, tí ojú ṣì rántí, dán ìtàn náà wò. Ìmọ̀ràn yìí dára fún òpìtàn pẹ̀lú.

Ohun Tí Ilẹ̀ Náà Ń Sọ

Bí a bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn náà ní àgbègbè Mowé, Ìbafò àti Ìfọ̀, kí ni a ó rí? A kò ní rí igbó tí ó ń dúró de ọkùnrin kan. A ó rí ilẹ̀ tí ọ̀wọ́ ènìyàn ń kọjá nínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Lẹ́yìn 1830, àwọn tí ogun lé wọ Abẹ́òkúta pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní láti wá oko jìnnà sí odi ìlú. Ilẹ̀ tí wọ́n ń wò lọ sí gúúsù àti ìlà-oòrùn ní àwọn aládùúgbò tiwọn: Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ wà ní apá kan, Àwórì wà ní apá kejì. Ní 1832 ni Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú pàdé ní ogun Owíwí. Ní 1842 ni Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá ní ọdẹ kan ni ó fi ẹsẹ̀ la ọ̀nà yẹn ti gbàgbé gbogbo ọmọ ogun tí ó kú sí i.

Nígbà tí ó yá, ọ̀nà náà di ti irin. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó. Ní 1901 ni ó ti dé Ìbàdàn, tí àwọn èrò sì ń wọ̀ ọ́. Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà yìí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀ka tí ó lọ sí Ìlaròó àti Ìdogò ti yà. Àwọn lébìrà tí ó ru irin, àwọn obìnrin tí ó ń ta oúnjẹ ní ìdúró ọkọ̀, àwọn tí ó ń kó ẹ̀pà àti kòkó wá láti oko, àwọn ni wọ́n sọ Ìfọ̀ di ìlú tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ Mowé, Ọ̀fàdà àti Mọ́kọ́lọ́kì mú ìrẹsì jáde tí orúkọ rẹ̀ kàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ ìrẹsì kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan: a ń gbìn ín, a ń lé ẹyẹ, a ń gé e, a ń bọ̀ ọ́, a ń sá a, a ń gún un, a ń fẹ́ ẹ. Ọwọ́ obìnrin àti ti ọmọdé pọ̀ níbẹ̀ ju ti ọdẹ lọ.

Ní ọdún 1978 ni ohun ńlá méjì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ìjọba ológun gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní ọdún náà ni a sì ṣí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gba Ìbafò àti Mowé kọjá. Òfin sọ pé ilẹ̀ ti di ti ìjọba. Òpópónà sọ pé ilẹ̀ ti di owó. Oko tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ di ibi tí ọkọ̀ ń dé láti Èkó láìpẹ́. Ìjọ ńláńlá ra ilẹ̀ síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tí owó ilé Èkó ga jù fún tẹ̀ lé wọn, ahéré di àdúgbò. Ibi tí ilẹ̀ bá ti di owó, ìtàn ọdẹ á tún sọjí. Ìdílé méjì á gbé ọdẹ méjì dìde lórí ilẹ̀ kan, oníkálukú á ní tòun ni ó kọ́kọ́ dé, ẹni tí ó fi owó ìgbà èwe rẹ̀ ra ilẹ̀ á sì máa san án lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2016 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin láti dá àwọn tí ó ń fi agbára gba ilẹ̀ lẹ́kun. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìtàn àtijọ́ lásán ni a ń sọ. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ lórí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ní Òkèèrè àti Nínú Ìwé Wa

Àwa nìkan kọ́ ni a ní baba adánìkanrìn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn. Daniel Boone, ọdẹ tí ó kú ní 1820, ni a ń fi ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí ó dá la igbó Kentucky já. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kábọ́ọ̀yì dé, tí àwọn ọmọ wa náà ti wò nínú sinimá: ọkùnrin kan, ẹṣin kan, ìbọn kan. Ní 1893, Frederick Jackson Turner kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi sọ pé ilẹ̀ àìlọ́fin tí ó wà ní iwájú wọn ni ó sọ wọ́n di orílẹ̀-èdè tí wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun ìjọba ni ó lé àwọn onílẹ̀ kúrò, òfin ọdún 1862 ni ó pín ilẹ̀ fún àwọn tí ó ń bọ̀, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni ó sì gbé wọn débẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú kábọ́ọ̀yì gan-an ni adúláwọ̀ àti ará Mẹ́síkò. Bí ó ti rí lọ́dọ̀ wọn ni ó rí lọ́dọ̀ wa: ọkùnrin kan ṣoṣo máa ń wúlò jù lọ nígbà tí a bá fẹ́ kí ilẹ̀ jọ òfìfo.

Ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé wa ti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò mọ Àkàrà-ògùn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dá wọ igbó náà, ohun tí ó sì ń bá bọ̀ jẹ́ ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba fẹ́ ohun tí yóò ṣe ìlú láǹfààní, tí ó rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ. Ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ jọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀: Kàkó alágbára, Ìmọ̀dóyè ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ tí orin rẹ̀ dùn, àti àwọn yòókù. Ẹni tí ó bá ń kọ ìdáhùn lórí ìwé yìí lè kíyè sí i pé ìrìn àjò adánìkanrìn ni ó mú òkìkí wá fún ọdẹ. Ìrìn àjò ẹgbẹ́ ni ó mú ire wá fún ìlú.

Bí A Ó Ti Máa Lo Ìtàn Náà

Ǹjẹ́ kí a wá ju ọdẹ sọnù bí? Rárá o. Ìtàn ọdẹ ń kọ́ ọmọ ní ìgboyà, ó ń sọ ọ́ mọ́ odò àti igi ilẹ̀ rẹ̀, ó sì máa ń ní òótọ́ nínú: àwọn ọdẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mọ inú igbó ní tòótọ́. Ohun tí mo ń bẹ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n bi ìtàn náà ní ìbéèrè mẹ́rin kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Èkíní, ta ni ó bá a wá, àti ní pàtàkì, obìnrin wo? Èkejì, ta ni ó bá níbẹ̀? Ẹ̀kẹta, ta ni ń sọ ìtàn yìí, níwájú ta ni ó ti ń sọ ọ́, kí ni yóò sì jẹ nínú rẹ̀ bí a bá gbà á gbọ́? Ẹ̀kẹrin, kí ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ: orúkọ àdúgbò, ọ̀nà ọjà, oríkì ìdílé, ohun tí àwọn àgbà fi ojú ara wọn rí? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí ti kúrò ní ẹni tí ń há ìtàn sórí. Ó ti di ẹni tí ń wádìí ìtàn.

Ìdí kan tún wà tí ó fi yẹ bẹ́ẹ̀. Nínú kíláàsì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọmọ kan jókòó tí baba wọn kì í ṣe Ẹ̀gbá. Mowé tàbí Ìbafò ni a bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń rìn. Bí a bá bi wọ́n pé ta ni ó tẹ ìlú dó, wọ́n á dákẹ́, nítorí pé ìtàn ọdẹ kan kò ní àyè fún ẹni tí ó wá lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìtàn àáró ní àyè fún wọn. Nínú àáró, ohun tí a fi ń mọ ẹni tí ó jẹ́ ti wa ni pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí oko ẹlòmíràn kàn. Àwọn Òwu darapọ̀ mọ́ Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta ní 1834, lẹ́yìn gbogbo ogun tí ó ti wà láàárín wọn, lónìí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ìtàn Ẹ̀gbá láìdárúkọ Òwu.

Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá-dé. Bí àgbà bá tún sọ fún wa pé ọdẹ kan ni ó kọ́kọ́ dé, ẹ jẹ́ kí a kí i kú ìtàn, kí a sì fi ọ̀wọ̀ bi í pé: "Baba, àwọn wo ni wọ́n jọ dé?"